Màmá Yaba Kò Gba Owó Tó Pé Gbọ́

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá Yaba, ìlù mẹ́tàlá ni Ẹgbẹ́ Onílù Jẹ́ríkò gbé jáde. Mo kà wọ́n. Gbogbo ẹbí ń sunkún, àwọn àbúrò mi di ara wọn mú lẹ́yìn pósí, èmi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń ka ìlù. Mẹ́rìnlá ni ẹgbẹ́ náà ní. Nígbà tí a dé láti itẹ́ òkú, mo pe ọ̀kan nínú àwọn onílù sápá kan, mo bi í pé ibo ni ìkẹrìnlá wà. Ó ní awọ rẹ̀ ló ya, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo bi í pé ta ni ẹni náà, àdúgbò wo ló wà, láti ìgbà wo ni ìlù sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo fọ́tò Màmá Yaba lára ògiri, ó ní, "Àǹtí Fúnmi, a ò tíì sin Màmá o. Ẹ̀yin nìyí."

Inú kò bí mi. Ìyá ìyá mi ni, ojú rẹ̀ ni mo sì fi ń wo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú yẹn kan náà ló dá mi lóró jù lọ. Ìwé ètò ìsìnkú ti sọ ibi tí wọ́n bí i sí ní ẹ̀gbẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, bó ṣe bá ọkọ wá sí Èkó, àti iye ọdún tó fi rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ Yaba. Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jẹ́ ẹni tó gba gbogbo ènìyàn gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn, mo sì ti ń wádìí. Màmá Yaba fẹ́ràn wa. Ó bọ́ wa, ó rán wa níléèwé, ó gbààwẹ̀ nítorí wa. Gbígbà gbọ́ ni kò sí níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí o bá mú ìròyìn wọlé. O lè ní òjò ń bọ̀, á bi ẹ́ pé ta ló sọ fún ẹ. Bí ènìyàn bá kí i pẹ́ jù, tó kí i tán tó kí àwọn ọmọ, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á ní, "Èló lo fẹ́ yá?" Okùn ló fi so sísọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, okùn ọ̀hún kò sì gùn ju ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè dé. Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì ní ìsọ̀ kejì wá yá sísọ́ọ̀sì náà nígbà kan, kó kàn fi gé òwú kan péré. Wọ́n ti jọ wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Màmá ní, "Gbé òwú yẹn wá síbí. Sísọ́ọ̀sì mi kì í jáde."

Ẹgbẹ́ Onílù Jẹ́ríkò ló ṣe àṣìṣe tó mú un kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Súrùlérè ni, wọ́n ń lu ìlù bí àwọn ológun: ìlù ńlá kan tí wọ́n ń gbé sáyà, àwọn ìlù kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí, fèrè díẹ̀, àti ẹnì kan níwájú tó ń ju ọ̀pá sókè tó sì ń hán an. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi máa ń pàdé lórí pápá iléèwé kan ní Yaba láti díje. Wọ́n ń wo ìlù, wọ́n ń wo ẹsẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń wo bàtà. Ife kékeré kan ni èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sunkún nítorí ife yẹn. Owó ń wọlé fún ẹgbẹ́ nígbà ìkórè, àti níbi òkú tàbí ìgbéyàwó tí wọ́n bá pè wọ́n sí. Owó ń jáde lórí awọ ìlù, lórí aṣọ, lórí ọkọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, ìyẹn ọ̀gá ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, tí a ń pè ní Ọ̀gá Láoyè.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó mọ ohun tí oyè Ìyá Ẹgbẹ́ jẹ́. Wọ́n á mú lẹ́tà wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀. Bí ìyá bá gbà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá síbi ìkórè, kó jókòó níwájú, kó dá owó tó jọjú, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ohun tí Ọ̀gá Láoyè rò nìyẹn nígbà tó kó ẹgbẹ́ wá sí ìsọ̀ Màmá Yaba. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún wọn. Ìtìjú ló mú mi dákẹ́.

Màmá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ní ìwé òfin. Ẹ mú un wá."

Wọ́n mú un wá lọ́sẹ̀ kejì. Inú ìwé ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n ti dà á kọ, gbogbo wa la mọ̀. Màmá fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ìyá Ẹgbẹ́ ni yóò máa bójú tó ohun ìní ẹgbẹ́.

"Màmá, èdè ìwé lásán nìyẹn o," Ọ̀gá Láoyè ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwa náà ni, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ kó ìlù jáde kí n kà wọ́n."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní ìyá tó ń dáwó. Tiwa náà dáwó, ó sì tẹ̀ lé owó náà títí dé ibi tó ń lọ.

Ọdún tí a fẹ́ rán aṣọ ẹgbẹ́ tuntun, Ọ̀gá Láoyè mú ìwé wá sí ìpàdé pé yáàdì mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà. Kò fún Màmá ní aṣọ náà rán, ó ní kò yẹ kí àwọn máa fi iṣẹ́ dà á láàmú. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí aṣọ náà jáde, ó pe ẹni tó ga jù lọ nínú ẹgbẹ́, ó ní kó dúró gbọnyin, ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ká etí ṣòkòtò rẹ̀ wò. Ó ní aṣọ yìí kò gbà ju yáàdì mẹ́ta lọ, ẹni tó ga jù sì nìyí. Ọ̀gá Láoyè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nípa àjákù, nípa aránṣọ tí kò mọ gígé, nípa aṣọ tó sún kì nínú omi. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Mo gbọ́. Ta ló wá wọ èyí tó kù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìpàdé, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀, mo fi ìlà sílẹ̀ ní òfìfo.

Ọ̀rọ̀ owó tuntun ló wá lé Ọ̀gá Láoyè lọ. Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba yí pọ́n-ùn àti ṣílè padà sí náírà àti kọ́bọ̀, pọ́n-ùn kan ló di náírà méjì. Ẹgbẹ́ ní ọgọ́rin pọ́n-ùn nípamọ́ fún ìlù tuntun kí owó tó yí. Lẹ́yìn tó yí, ìwé Ọ̀gá Láoyè ní ọgọ́rin náírà ni a ní. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí pé orí kálukú ṣì ń dàrú lórí owó nígbà yẹn, ọgọ́rin ni wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀, ọgọ́rin náà ni wọ́n tún gbọ́. Èmi alára pàtẹ́wọ́. Màmá Yaba nìkan ni kò gbé ọwọ́ sókè. Aránṣọ tó ń gba ṣílè lánàá tó ń gba kọ́bọ̀ lónìí ni, owó náà ti di ara rẹ̀.

"Láoyè," ló wí, "ọgọ́jọ ni kó jẹ́."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó wo ìwé rẹ̀ pẹ́, ó ní Ọlọ́run ló rí òun, àṣìṣe ni, òun kàn da nọ́ńbà yẹn kọ ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Màmá. Ó ní, "Bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, kí ló dé tí kò ṣì í sọ́dọ̀ tiwa?"

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gá Láoyè kó ọgọ́rin náírà tó kù wá, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lójú Màmá, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: olùkọ́ wo ló ń rí ọgọ́rin náírà láàárín ọjọ́ mẹ́rin? Èmi kò lè búra títí dòní pé ọkùnrin yẹn jalè. Mo kàn mọ̀ pé ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Níbi ìsìnkú, òun ló sunkún jù lọ, mo sì wò ó dáadáa kí n lè mọ̀ bóyá omi ń jáde.

Ẹ má rò pé orí owó ẹgbẹ́ nìkan ló ti ń fura. Nígbà tí Kúnlé, ọkọ mi báyìí, kọ́kọ́ wá kí i ní Yaba, ó so aago tó ń dán mọ́wọ́. Màmá bi í pé aago mélòó ló lù. Kúnlé wò ó, ó ní aago mẹ́rin. A jẹ ìpápánu, a sọ̀rọ̀, Màmá tún bi í. Ó ní mẹ́rin ààbọ̀. Bí Kúnlé ṣe dìde tó ń dọ̀bálẹ̀ pé òun ń lọ, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ súre fún un, ó gbé aago náà sétí. Aago náà ti kú. Ó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, oòrùn ojú fèrèsé ló sì ń fi méfò. Mo rò pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́. Nígbà tó lọ tán, Màmá ní, "Ó ń parọ́, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ ṣe é. Fẹ́ ẹ, kí o máa ṣọ́ ọ."

Mò ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́ kó gbà mí gbọ́. Nígbà tí ipò ọ̀gá ẹgbẹ́ ṣófo, ènìyàn méjì ni wọ́n dárúkọ. Èmi ni ọ̀kan. Ṣẹ́gun ni èkejì, káfíńtà kan ní Mushin tó ń lu ìlù ńlá. Ìwé mẹ́fà ni Ṣẹ́gun kà. Mo fẹ́ ipò náà débi pé mi ò lè sùn dáadáa. Kì í ṣe nítorí ìlù, mi ò tilẹ̀ mọ ìlù lù. Mo fẹ́ kí Màmá Yaba dìde níwájú gbogbo ènìyàn kó sọ pé òun fi ohun kan lé mi lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kò ṣe irú ẹ̀ fún ìyá mi rí, kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní kó yan ẹni tó bá wù ú. Ó kọ̀, ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Ó fún àwa méjèèjì ní ogún náírà kọ̀ọ̀kan, ó fún wa ní ìwé kan náà: awọ ìlù, okùn, ọ̀pá ìlù méjìlá, àti pólíìṣì fèrè. Ó ní kí a lọ sí Mushin lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni lọ, kí a kó ọjà àti ìṣirò wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú.

Mo lọ. Mo nájà dáadáa, awọ tí mo rà dára. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ta pólíìṣì gba náírà kan lọ́wọ́ mi, ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni ṣéńjì mi, ó ní kí n dúró kóun wá a. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mi ò rí i mọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, kọndọ́kítọ̀ gba kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó yẹ kó fún mi ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà, ọkọ̀ gbéra bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo rí ojú Màmá bó ṣe máa ń wo Ọ̀gá Láoyè. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé ọmọlọ́jà kan sá lọ, á ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Nítorí náà mo ṣí pọ́ọ̀sì ara mi, mo yọ kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin nínú owó oṣù mi, mo fi dí i. Mo lọ sí ọ́fíìsì, mo tẹ ìṣirò náà sórí ìwé funfun, mo fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ó pé géérégé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ṣẹ́gun mú tirẹ̀ jáde, ẹ̀yìn páálí sìgá ló fi bírò kọ ọ́ sí. Ó kà á tán, ó dá ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wolẹ̀.

"Màmá, ó dín kọ́bọ̀ márùndínláàádọ́ta. Mo ti kà á kà á, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀bi mi nìyẹn. Mo fún Màmá ní ìwé tèmi. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe máa ń ka nǹkan. Ó kàn gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ìlà tí mo fi rúlà fà, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dìde.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí mo ti ń lọ sọ́jà," ló wí. "Mo ti ná Mushin, mo ti ná Tejúoṣó, mo ti ná ọjà Ọba. Owó mi ò tíì pé báyìí rí. Ṣẹ́gun ni kẹ́ ẹ mú."

Kò sọ pé mo jalè. Ẹni tó bá ń gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ mọ ohun tó sọ. Èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, gbogbo rẹ̀ pátá, mi ò fi ìlà kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, mo fi ìwé náà lé orí tábìlì, mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Mo bínú sí i fún ọdún méjì. Ọmọ-ọmọ kì í ṣàìkí ìyá ìyá rẹ̀, nítorí náà mò ń lọ sí Yaba, mò ń kúnlẹ̀, mò ń sọ pé ẹ kú ilé, mò ń gbé oúnjẹ tí ìyá mi fi rán mi kalẹ̀, mò ń sọ pé ó dàbọ̀. Òun náà á dáhùn, á béèrè ọkọ mi, á máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lọ. A kò jà. Ìyá mi ní àwa méjèèjì ń ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mò ń ṣọ́ Ṣẹ́gun. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́, mò ń bi wọ́n léèrè. Mo fẹ́ kó jalè. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kí n lè kó ẹ̀rí lọ sí Yaba. Ẹgbẹ́ gba ipò kẹta ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n gba ipò kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ gbẹ́ àwọn ọ̀pá ìlù, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lóṣooṣù, owó rẹ̀ ń dín. Kọ́bọ̀ mẹ́jọ, kọ́bọ̀ mẹ́tàlá. Lóṣooṣù ló ń dìde láti sọ ọ́, ojú á sì tì í. Màmá kò bá a jà rí lórí rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ìlà kan wà nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ fún owó tó bá dín, tó jẹ́ pé Màmá ló ní kí wọ́n fà á, ohun tó sì máa ń sọ fún Ṣẹ́gun ni pé, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò mọ̀."

Nígbà tí àìsàn gbé Màmá dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, èmi ni mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí ọ́fíìsì mi kò jìnnà. Ó ti rù. Ó ń ka oògùn kó tó gbé e mì, ó ń béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì, ó sì ń béèrè bóyá orúkọ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, owó Mushin ọjọ́sí yẹn, mi ò jí nǹkan kan. Ó dín ni. Àpò ara mi ni mo ti mú kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin fi kún un."

"Mo mọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Ẹ mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà. Olè ì bá ti jẹ́ kó dín díẹ̀, kó lè jọ òótọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ dójú tì mí níwájú gbogbo ayé?"

Ó yí orí sí mi lórí ìrọ̀rí. "Torí pé ẹ̀rù mi ń bà ẹ́. Ṣẹ́gun, ojú ń tì í ni, ẹ̀rù mi ò bà á. Bí owó ẹgbẹ́ bá sọnù lọ́wọ́ ẹ lọ́la, o ò ní lè wá sọ fún mi. Wàá lọ yá owó, wàá máa fi tibí dí tọ̀hún." Ó mí sókè. "Ta ló kó ẹ̀rù yẹn sí ẹ lára?"

Ó gbé ojú sí òrùlé.

"Èmi náà ni," ló wí.

Mo sunkún, mi ò fi bò. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó fa àádọ́ta kọ́bọ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní kí n lọ ra ọsàn wá lẹ́nu géètì. Mo ra ti ọgbọ̀n kọ́bọ̀. Ọlọ́sàn fún mi ní ṣéńjì, kọ́bọ̀ márùn-ún ẹyọ mẹ́rin, kò dín, kò lé.

Orí àtẹ̀gùn ni mo wà nígbà tí ọkàn mi yí padà. "Mo mọ̀" tó sọ yẹn, ta ló lè jẹ́rìí sí i? Obìnrin tí kò gbà rí pé òun ṣi ẹnikẹ́ni mú ni. Bóyá mi ò yàtọ̀ sí Ọ̀gá Láoyè lójú rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, tó jẹ́ pé ẹnu mi ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òótọ́ yẹn, tó sì kàn fẹ́ kó dà bíi pé òun ló borí. Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo dúró sójú kan, mo mú ọ̀kan nínú ẹyọ mẹ́rin yẹn, mo dì í mọ́ ọwọ́ òsì, mo wọlé lọ.

Mo gbé ọsàn kalẹ̀. Mo ka ẹyọ mẹ́ta sórí aṣọ tó fi bora. Mo ní, "Màmá, ó dín kọ́bọ̀ márùn-ún. Mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí."

Kò wo owó náà rárá. Ojú mi ló ń wò, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ti kó wọnú.

"Ṣẹ́gun ò sọ ọ́ báyẹn," ló wí. "Fúnmi, ṣí ọwọ́ òsì ẹ."

Mo ṣí i. Ó mú kọ́bọ̀ márùn-ún rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì di ọwọ́ náà mú títí wọ́n fi ní kí àwọn àlejò máa lọ.